Kí A Tó Kọjá Jáma

Alùpùpù pupa, dákẹ́ ná, jẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀.
Òtútù Humahuaca ti sọ kọ́kọ́rọ́ rẹ di yìnyín lọ́wọ́ mi,
àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ò tíì jí,
ẹlòmíràn ni yóò gbé ìkòkò wọn kaná lónìí.
Ogún ọdún ni mo ti ń se ọbẹ̀ àgbàdo fún ọmọ ọlọ́mọ,
ogún ọdún náà ni Zenaida àbúrò mi ti wà ní Calama,
lẹ́yìn òkè, nílẹ̀ Chile,
níbi tí ọkọ rẹ̀ ti ń wa bàbà nínú ilẹ̀.
Ó ní òun yóò wá nígbà ìkórè.
Ìkórè èwo?
Ó dáa. Èmi ni mo ń bọ̀. Ìwọ lẹsẹ̀ mi.

Toribio mẹkáníìkì yẹ̀ ọ́ wò, ó mirí.
Ó ní, "Eulogia, lókè yẹn, afẹ́fẹ́ ṣàn bí ọbẹ̀ tálákà.
Ẹ̀rọ tó bá ń mu epo bó ṣe ń mu ún nílé,
epo á há a lọ́fun, á máa wúkọ́ bí arúgbó."
Ó tú ikùn rẹ, ó yọ jẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kúrò nínú kábúrétọ̀,
ó fi èyí tí ihò rẹ̀ kéré ju ojú abẹ́rẹ́ rọ́pò.
Mo ń wò ó, mo ń rántí ara mi:
èmi náà ti kọ́ bí a ṣe ń fi díẹ̀ mí.

Mo ra túùbù méjì. Mo ra púlọ́ọ̀gì kan.
Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ni mo fi fọ ṣéènì rẹ,
ẹyọ kan, ẹyọ kan, bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà.
Mo so kẹ́ẹ̀gì epo mọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́,
torí láti Purmamarca dé Susques,
ẹni tí epo bá tán fún, òkúta ni yóò máa bẹ̀.
Àárín méjèèjì ni pẹ̀tẹ́lẹ̀ iyọ̀ wà,
funfun nílẹ̀, funfun nínú ojú.
Wọ́n ní ọ̀nà iyọ̀ a máa yọ̀ bí òjò bá rọ̀;
mo jẹ́ kí òjò ó lọ tán pátápátá kí n tó dájọ́.

Ìwé ńkọ́? Ha, ìwé!
Orúkọ olóògbé ọkọ mi ṣì ni ìwé rẹ ń jẹ́.
Ìgbà mẹ́ta ni mo lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Jujuy.
Akọ̀wé àkọ́kọ́ ní kí n mú ìwé ikú wá.
Èkejì ní ìwé ikú ọ̀hún ti pẹ́ jù.
Ṣé kí ọkùnrin náà tún padà kú ni?
Ẹ̀kẹta, ọmọdébìnrin kan tó ti jẹ ọbẹ̀ mi rí,
wò mí lójú, ó lu òǹtẹ̀.

Braulio ọmọ mi ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin.
Ó ní bọ́ọ̀sì wà. Ó ní ta ni yóò gbé òkú mi sọ̀ kalẹ̀?
Mo ní bọ́ọ̀sì kì í dúró níbi tí ojú mi bá fẹ́ dúró sí.
Lọ́jọ́ karùn-ún, mo bá ìbọ̀wọ́ aláwọ rẹ̀ lórí ìjókòó rẹ.
Kò sọ nǹkan kan. N kò bi í.

Kí ló wá kù? Wàràkàṣì.
Màmá wa, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún,
ti fi aṣọ di wàràkàṣì ewúrẹ́ mẹ́ta, ó ní ti Zenaida ni.
Mo ní, "Màmá, àwọn aṣọ́bodè ò ní jẹ́ kó kọjá.
Èso, oyin, wàràkàṣì, wọn á gbà á, wọn á dà á nù."
Ó ní, "Ṣé wọ́n mọ ẹni tó ni ewúrẹ́ náà?"

Wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé.
Àbúrò mi, èwo nilé?

Mo pè é lálẹ́ àná.
Mo ní kó wọ bọ́ọ̀sì wá pàdé mi ní Jáma,
níwájú ilé àwọn aṣọ́bodè,
ká jókòó sórí òkúta, ká jẹ ẹ́ tán níṣojú wọn.
Ó dákẹ́. Mo gbọ́ tó ń fọn imú.
Ó ní, "Mú ọ̀bẹ dání."

Alùpùpù pupa, ọ̀bẹ ti wà nínú àpò ọ̀tún,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípánà.
Ó yá, jí.
Mo ní jí!
Má tíì wúkọ́. A ò tíì dókè.